Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Mi àti Bíréèkì Ńlá

Orí ìdúró tánkì omi ni mo ti já bọ́. Kí ẹ má rò pé iṣẹ́ gidi kan ni mo lọ ṣe lókè o, ewé gbígbẹ ni mo ní mo fẹ́ kó kúrò lórí ìdérí rẹ̀. Ìyàwó mi dúró nísàlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. "Dádì, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó ń ṣe é." Mo ní kó má yọ mí lẹ́nu, pé mo ti ń gun àkàbà kó tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Ẹnu mi ò tíì padé tí mo fi wà nílẹ̀. Egungun ojúgun ọ̀tún mi kán, mo sì gbọ́ ọ nígbà tó ń kán.

Wọ́n fi irin sí i fún mi. Oṣù mélòó kan ni mo fi jókòó sí pálọ̀ bí ẹrù tí ẹni tó ni ín ò tíì wá gbé. Nígbà tí wọ́n wá tú nǹkan funfun tí wọ́n fi dì í, ẹsẹ̀ tó jáde síta kì í ṣe tèmi. Ó tín-ín-rín, ó rù, ó sì ń gbọ̀n tí mo bá gbé ara lé e. Dókítà ní egungun ti jinná, agbára ló kù, pé agbára á máa padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀! Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ díẹ̀díẹ̀ lò.

Ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀. Ọjọ́ Àìkú kan, à ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, típà kan tó kó yanrìn dúró lójijì níwájú wa ní Mowe. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi débẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí agbára kankan nínú rẹ̀. Ó ń gbọ̀n lórí bíréèkì, ọkọ̀ ń lọ. Mo fi ẹsẹ̀ òsì kún un, mo fa bíréèkì ọwọ́, a sì dúró. Ó ku bíńtín ká wọ abẹ́ típà yẹn. Mo lè ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn lé lórí.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Obìnrin tó máa ń ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" tí aláǹgbá bá já bọ́ láti orí àjà, ó dákẹ́ títí a fi délé. Ó tú gèlè, ó jókòó, ó ní, "Dádì, a ó ta ọkọ̀ yìí."

Mo bínú. Mo ní onítípà ló jẹ̀bi. Mo ní ojú ọ̀nà ló burú. Mo ní bíréèkì ló ti gbó. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹsẹ̀ ni, Dádì. Mo rí i bó ṣe ń gbọ̀n."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́ fún mi, kí ẹ má pè mí ní olóríkunkun lásán. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wà á lọ sí Èkó láàárọ̀, tí mo ń wà á bọ̀ nírọ̀lẹ́, kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ilé wa wọnú díẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, ọ̀kadà ló ń dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ní irin nínú, lórí ọ̀kadà, nínú kòtò àdúgbò wa? Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ yẹn, inú ilé ni màá wà, èmi àti tẹlifíṣọ̀n, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. N kò sọ èyí fún ìyàwó mi. Mo kàn ń fajú ro kiri inú ilé ni.

Mẹkáníìkì wa tó wà ní Ibafo ló yọ mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, á ti tó ọmọ ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ tútù, kì í kí àgbàlagbà láìdọ̀bálẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀ àti epo ọkọ̀ ló dúró sí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi fún un. Ó ronú, ó nu ọwọ́, ó ní, "Sà, bíréèkì ọkọ̀ yín kéré. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Bíréèkì ẹ̀gbọ́n yẹn máa wọ tiyín lára. Dísìkì ẹ̀ fẹ̀, kálípà ẹ̀ tóbi. Ẹsẹ̀ díẹ̀ lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, táá sì mú ọkọ̀ gírígírí."

Dísìkì ni irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí. Kálípà ni ọwọ́ irin tó ń fún un pọ̀ kó má lè yí mọ́. Bí ọwọ́ yẹn bá ṣe tóbi tó ni ẹsẹ̀ èèyàn á ṣe sinmi tó. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gbàgbé ọ̀pá mi síbẹ̀.

Ìyàwó mi ò bá mi yọ̀. Ó bá mi padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó gbọ́ àlàyé láti ẹnu rẹ̀, ó wá kọjú sí mi. "Ó dáa, Dádì. Ẹ ṣe é. Àmọ́ ẹ ṣèlérí fún mi níwájú wọn báyìí. Tí ẹsẹ̀ yín ò bá lè mú ọkọ̀ dúró pẹ̀lú bíréèkì tuntun, ẹ ò ní wakọ̀ mọ́. A ó tà á fún ọ̀gbẹ́ni ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti ń béèrè ẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n má sọ pé mo gbọ́, kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. Mẹkáníìkì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí láìbi í léèrè.

Ifọ̀ la ti rí bíréèkì náà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀. Èmi àti ìyàwó mi la jọ lọ. Bọ́ọ̀sì gbé wa gba Òkè-Arò, mo na ẹsẹ̀ mi sí àárín, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Ọkùnrin yẹn gbé kálípà méjì àti dísìkì méjì jáde láti inú àpò ìrẹsì. Ó wúwo! Ìyàwó mi gbé èyí tó wúwo jù lé itan bí ọmọ títí a fi padà dé Mowe. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹsẹ̀ mi ń rójú ná, kí n má tún lọ fi ẹrù kún un.

Ọjọ́bọ̀ la gbé ọkọ̀ lọ. Mẹkáníìkì yọ táyà iwájú méjèèjì, ó yọ bíréèkì àtijọ́, ó to tuntun sí i. Nígbà tó kó ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun nílẹ̀, mo rí i pé dísìkì mi àná ò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Òun ni mo ń fi dá ọkọ̀ dúró láti ọjọ́ yìí wá! Ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín lórí itan, ó ń wo ohun gbogbo bí olùṣọ́ ìdánwò.

Títò ò nira. Yíyọ atẹ́gùn ló kù. Tí wọ́n bá tú páìpù bíréèkì, atẹ́gùn máa ń wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì tó wà nínú páìpù yẹn ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ bá táyà, tí atẹ́gùn bá wá wà láàárín ọ́ìlì, ẹsẹ̀ á kàn máa rì ni, bíi pé èèyàn ń tẹ tìmùtìmù. Ẹnì kan ní láti jókòó sínú ọkọ̀, kó máa tẹ bíréèkì. Ẹnì kejì á lóṣòó ti táyà, á ṣí nọ́ọ̀tì kékeré kan kí atẹ́gùn bá ibẹ̀ jáde, á tún dé e pa. Ẹni tó máa ń bá mẹkáníìkì wa tẹ̀ ẹ́ ti lọ sí Owódé Ẹ̀gbá lọ́jọ́ yẹn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa tẹ bíréèkì?" ni mẹkáníìkì wí.

Mo dìde fùú. "Kí ló ṣe èmi? Èmi ni màá tẹ̀ ẹ́."

Ẹ gbọ́ o, ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, n kò tẹ̀ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Abẹ́ igi ni mo máa ń jókòó sí, màá ka ìwé ìròyìn, màá máa bínú sí ìjọba. Àmọ́ mo rò pé kí ló wà nínú kí wọ́n ní kéèyàn tẹ nǹkan, kó tẹ̀ ẹ́? Mo sì fẹ́ kí ìyàwó mi fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹsẹ̀ yìí ṣì wúlò.

Táyà ẹ̀yìn ni mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tó jìnnà jù la máa ń kọ́kọ́ ṣe. N kò rí i láti ibi tí mo jókòó sí, òun náà ò rí mi. Ọkọ̀ ńláńlá ń já lọ já bọ̀ lójú títì márosẹ̀, jẹnẹrétọ̀ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń ké kíkankíkan. Ohùn mẹkáníìkì nìkan ni mo ń gbọ́.

"Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, sà!"

Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà!"

Mo fi sílẹ̀. Mo gbọ́ tí sípánà rẹ̀ dún kọ́kọ́ lára irin.

"Ẹ tún máa tẹ̀ ẹ́, sà!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Ó dé táyà ẹ̀yìn kejì, ó bọ́ sí iwájú, ó yí gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi rì lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ó kù díẹ̀, sà," ó wí.

Ó bu ọ́ìlì kún un, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. A yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Bíréèkì ṣì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. "Ó kù díẹ̀, sà." A yí i ká lẹ́ẹ̀kẹta. Oòrùn ti dé àárín orí. Itan mi ń gbọ̀n, ojúgun mi ń ta mí, òógùn ti jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Mo wá ṣàkíyèsí pé ohùn mẹkáníìkì ti ń yí padà. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ má fipá ṣe é, sà. Ó kù díẹ̀."

Ìgbà yẹn lẹ̀rù bà mí. Mo mọ "ó kù díẹ̀" yẹn dáadáa. Ohun tí à ń sọ fún àgbàlagbà nígbà tí ojú ń tì wá láti sọ òótọ́ fún un nìyẹn. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo rí bó ṣe tín-ín-rín nínú ṣòkòtò, mo rí bí orúnkún ṣe ń jó láìsí pé mo rán an níṣẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ó parí. Bíréèkì ẹ̀gbọ́n, bíréèkì bàbá, kò sí èyí tó lè ràn mí lọ́wọ́, ẹsẹ̀ yìí ti kú. Bí mo ṣe jókòó sẹ́yìn sítíárìn ọkọ̀ tí mo ti ń wà láti ọjọ́ pípẹ́, mo ń dágbére fún un nínú ọkàn mi. Mo tilẹ̀ ti ń ro ohun tí màá sọ fún ọ̀gbẹ́ni ṣọ́ọ̀ṣì yẹn nípa fèrèsé ẹ̀yìn tí kì í fẹ́ ṣí.

Mẹkáníìkì wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò wo ojú mi. "Dádì, ẹ sinmi díẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì bá wa tẹ̀ ẹ́."

Mo fẹ́ bú u. Ó ti dé ètè mi. Àmọ́ nígbà tí mo rí i bó ṣe dúró, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń wo bàtà mi, n kò rí èébú náà sọ. Mo mú ọ̀pá mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín sílẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wọlé jókòó. Ó kàn fọwọ́ kàn mí léjìká bó ṣe ń kọjá, ìyẹn sì dùn mí ju kó yọ ṣùtì sí mi lọ.

N kò fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo lọ dúró ti mẹkáníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo ń rí òun, mo ń rí ìyàwó mi. Mẹkáníìkì ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu nọ́ọ̀tì náà, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, a sì ń rí inú rẹ̀ kedere.

"Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, mà!"

Ìyàwó mi tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, kò sí irin nínú rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà!"

Mẹkáníìkì ṣí nọ́ọ̀tì. Mo rí ọ́ìlì tó sáré wọ inú rọ́bà, atẹ́gùn róbótóróbótó ń bá a bọ̀. Kó tó dé ìdajì, ó dúró, ó sì yí padà, ó sáré wọ inú bíréèkì padà, tòun ti atẹ́gùn rẹ̀. Mẹkáníìkì mi orí, ó dé nọ́ọ̀tì.

"Ẹ tún máa tẹ̀ ẹ́, mà! Ẹ fi sílẹ̀!"

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò wo rọ́bà. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni mo ń wò. Bí mẹkáníìkì ṣe ní kó fi sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, bàtà rẹ̀ kúrò lórí bíréèkì pátápátá, nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì wà ní ṣíṣí. Ohun tí èmi náà ti ń ṣe láti àárọ̀ gan-an nìyẹn.

"Dúró!" mo pariwo. "Dúró ná! Kí lo ní kó ṣe?"

"Mo ní kí Mọ́mì fi sílẹ̀ ni, sà."

"Ó sì ti fi sílẹ̀!"

Ìyàwó mi yọrí síta. "Mo ti fi sílẹ̀ o! Bẹ́ ẹ ṣe ń wí i ni mò ń ṣe é!"

Mẹkáníìkì wò mí, ó wo ìyàwó mi, ó wo sípánà ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ báwo, mà?"

"Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ní kí n fi sílẹ̀ ni?"

"Yéè!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Rárá o, mà! Mo ní kẹ́ ẹ fi sí ilẹ̀. Kó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò àfi tí mo bá dé nọ́ọ̀tì!"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo o. Tiẹ̀ ni pé kí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, kí bíréèkì wà nísàlẹ̀ pátápátá, kéèyàn má mira. Tiwa ni pé kéèyàn jọ̀wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń wí i, bẹ́ẹ̀ lòun àti ẹni tó lọ sí Owódé ṣe ń wí i fúnra wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ rí. Gbogbo atẹ́gùn tó ń lé jáde láti àárọ̀, èmi ni mò ń fà á padà wọlé.

Ìyàwó mi ò gbà. "Ẹ̀yin náà, tí mo bá ní kẹ́ ẹ fi ìkòkò ọbẹ̀ mi sílẹ̀, ṣé ẹ ó tún dì í mú ni?"

"Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá ní kí n fi ìkòkò sílẹ̀, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ náà ni màá fi í sí?"

Fọkanáísà tó ń gbọ́ wa ti ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Èmi ò tíì lè rẹ́rìn-ín. Ohun kan wà tí mo fẹ́ mọ̀.

"Ìwọ ọ̀gá yìí," mo ní, "nígbà tí ọ́ìlì ń padà wọlé láti àárọ̀, kí lo rò pé ó fà á?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà mi. "Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ẹsẹ̀ yín ni. Mo rò pé kò lè dúró ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín."

"Èmi náà rò pé ẹsẹ̀ mi ni," mo wí.

Àwa méjèèjì wo ara wa. Òun ń bọ̀wọ̀ fún mi, kò lè bi mí. Èmi ń gbéra ga, n kò lè bi í. A sì ti fi bẹ́ẹ̀ sin ẹsẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Ara mi kàn tú pẹ̀sẹ̀ ni. Mo di bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mú, ẹ̀rín bọ́ sí mi lẹ́nu, omi ń bọ́ lójú mi, mo ní òógùn ni. Ìyàwó mi ní, "Òógùn wo?" Ó sì tún ju ìborùn rẹ̀ sí mi pé kí n fi nu ú.

Mẹkáníìkì ní kí Mọ́mì jókòó síbẹ̀ kí wọ́n parí rẹ̀ kíákíá. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Rárá o. Ẹni tó fẹ́ wakọ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́. Dádì, ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká rí ẹsẹ̀ náà."

Mo wọlé. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ lórí bàtà mi. A fẹnu kò pé "ẹ dì í mú" la ó máa wí báyìí, èmi náà á sì dáhùn pé "mo dì í mú" kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Ó padà sí táyà ẹ̀yìn.

"Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, sà! Ẹ dì í mú!"

"Mo dì í mú!"

Ó ṣí i. Bíréèkì fẹ́ sá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Orúnkún mi ń gbọ̀n. Ojúgun ń ta mí bí iná. Jẹ́ kó ta mí! Mo dì í mú títí ó fi ní, "Mo ti dé e, sà." A ṣe é léraléra, láti táyà dé táyà. Ẹsẹ̀ yẹn gbọ̀n títí, kò gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa kan táyà tó gbẹ̀yìn, mo ti ń rí i lábẹ́ ẹsẹ̀ mi pé bíréèkì ń le, ó ń le sí i, títí tó fi dúró lókè gbọn-in, tí kò rì mọ́. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Kò mira. Mo ké "Halelúyà!" débi pé onírẹsì òdìkejì títì dáhùn.

Ìyàwó mi ò tíì ṣe halelúyà kankan. Ó ní bíréèkì tó le nínú ọgbà kò tíì dá ọkọ̀ dúró. Mẹkáníìkì jókòó síwájú pẹ̀lú mi, ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn, a jáde sí ojú ọ̀nà inú. Mo kọ́kọ́ rọra ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́ mo ń dúró, mo ń tẹ̀ ẹ́ mo ń dúró. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kí ọkọ̀ sáré díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kadà kan tó gbé pákó gígùn dábùú ẹ̀yìn rẹ̀ já síwájú wa láti ẹ̀gbẹ́ ilé kan, kò wòsì, kò wọ̀tún.

N kò ráyè ronú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi nìkan ló ronú. Ọkọ̀ tẹrí ba, ó dúró, àpò ìyàwó mi fò láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Pákó yẹn kọjá níwájú wa, àyè tó wà láàárín tó èèyàn méjì láti rìn kọjá. Ọlọ́kadà ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun fẹ́ kú. Mo bú u, mo bú u tìfẹ́tìfẹ́, inú mi dùn bí mo ṣe ń bú u.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Ká sọ òótọ́, n kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti ń pariwo padà.

Nígbà tí a dá mẹkáníìkì padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo fà á sókè, mo gbá a mọ́ra tòun ti epo ara rẹ̀. Ìyàwó mi ti wà lórí fóònù. "Ẹ má bínú, sà," ló ń sọ fún ọ̀gbẹ́ni ṣọ́ọ̀ṣì wa. "Dádì ò tà á mọ́. Rárá, sà. Wọ́n ń wà á ni." Ó wá bọ́ síwájú, ó jókòó tì mí, ó di bẹ́líìtì, a gbéra.

A kúrò ní Ibafo, a dé Mowe. Mo yà sí ojú ọ̀nà Ọ̀fàdà, mo bojú wẹ̀gbẹ́ kí n bi í bóyá ká ra búrẹ́dì. Ó ti sùn lọ. Obìnrin tí mi ò tíì rí kó ṣẹ́jú nínú ọkọ̀ tí mò ń wà láti ìgbà tí mo ti kán lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là, ó ń hanrun. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, kò di nǹkan kan mú. Mo mọ̀ pé tí mo bá yà sí àdúgbò wa, kòtò àkọ́kọ́ á jí i. N kò yà. Mo ń wà á lọ jẹ́jẹ́, mo ń tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, a kọjá ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa, a kọjá ilé epo, a kọjá àwọn ilé tuntun tí wọn ò tíì kùn, títí a fi dé ìtòsí Ọ̀fàdà.

Ó lajú díẹ̀, ó wo ìta. "Níbo la wà yìí? Ṣé a ti kọjá ilé ni?"

"A ti kọjá ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò dúró? Ṣé bíréèkì ò mú mọ́ ni?"

"Ó mú," mo ní. "Máa sùn."

Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì tún sùn lọ.